Ọjọ́ Tí Dahabo Tú Àṣírí Ara Rẹ̀

Dahabo Igal kì í purọ́. Ọdún kọkànlá rèé tí a ti jọ ń gbé lórí àjà kẹrìnlá ilé gogoro yìí ní Minneapolis, mi ò rí i kó yí ọ̀rọ̀ po rí, àní lórí iye ààwẹ̀ tó jẹ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Àtàláátà kan nínú oṣù kejì, nígbà tí yìnyín ga dé orúnkún nísàlẹ̀, gbogbo àwa obìnrin orí àjà náà bá a pa irọ́ kan. A pa irọ́ náà, a fọ̀ ọ́, a nù ún, a fi tùràrí sí i, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa pé irọ́ ni. A rò pé àlejò là ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ Liban, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Hibo, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bàbá wọn, Warsame, ń wa tírélà láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́wàá lójú títì kó tó wálé wá sùn ọjọ́ méjì. Ìyá Warsame, Màmá Ambaro, ń bá wọn gbé, òun ló sì ni ilé, bí orúkọ ẹlòmíràn tilẹ̀ wà lórí ìwé ilé. Dahabo fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi ìfọṣọ ọsibítù kan, ó ń ya aṣọ ibùsùn aláìsàn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó kó o sínú ẹ̀rọ.

Nígbà tí Liban wà ní ọmọ ọdún kan ààbọ̀, ó ń pe ìyá, ó ń pe bàbá, ó ń bèèrè wàrà. Nígbà tó máa fi pé ọdún méjì ààbọ̀, ọ̀rọ̀ ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀ bíi kànga ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ó ń rìn lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó ń ju ọwọ́ bí ẹyẹ tó fẹ́ fò, kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Ọ́tísíìmù ni àwọn dókítà pè é. Ní àdúgbò wa, olúkúlùkù ló ní ohun tó fà á. Ẹnìkan ní àlùjànnú ni. Ẹlòmíràn ní ojú burúkú ni wọ́n fi wò ó. Ìyá àgbà kan tó ń gbé lórí àjà kẹta ní omi tútù tí Dahabo mu nígbà tó lóyún rẹ̀ ni. Àwọn ará ilé Warsame wá dá a lábàá pé kí wọ́n fi ọmọ náà ránṣẹ́ sílé ní Sòmálíà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ké kéwú sí aláìsàn létí títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. Dahabo bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n máa ń so irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní tó bá gba kí wọ́n so ó, wọ́n á so ó. Ó ní ó dáa, kí wọ́n kọ́kọ́ wá so òun.

Ọdún méjì gbáko ló fi lọ sí ọ́fíìsì ìjọba lọ tọrọ olùkọ́ fún un. Nígbà tó yá, wọ́n fún un ní Britta, ọmọbìnrin òyìnbó kan tó fi òrùka sí imú, tó ń wá bá Liban wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ́sẹ̀. Màmá Ambaro kò gba ti òrùka imú yẹn, ṣùgbọ́n ó gba ti ọmọ náà, nítorí pé nínú ọdún kan, nǹkan yí padà. Tí òùngbẹ bá ń gbẹ Liban tẹ́lẹ̀, orí ló máa ń fi gbá ògiri. Britta kọ́ ọ láti mú ife lọ síbi ẹ̀rọ omi. Tí wọ́n bá dé etí títì, tí Britta sì na àtẹ́lẹwọ́ sókè, Liban á dúró. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti padà sí i lẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà ni "omi". Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ ọ́, Dahabo kan ilẹ̀kùn mi, kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn ń fi ọwọ́ júwe ife.

Ohun tó kù tí Britta ń kọ́ ọ ni lílo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti kó má máa ṣí ilẹ̀kùn jáde láìsí ẹni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Èkejì yìí ló ń jẹ Dahabo lọ́kàn jù. Liban ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì rí. Lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbẹ́ ojú irin ni wọ́n ti rí i. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò, láìwọ bàtà, nínú yìnyín. Odò ò sì jìnnà sí wa.

Lọ́dọọdún, obìnrin kan láti ọ́fíìsì máa ń wá wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé, kó lè mọ iye wákàtí tó tọ́ sí i. Ìyẹn ni Karin tó wá ní Àtàláátà tí mo sọ. Nígbà tí Màmá Ambaro gbọ́ pé àlejò ń bọ̀ láti ilé ìjọba, ọjọ́ mẹ́ta ni kò jẹ́ ká sinmi. A fọ ògiri. A fọ kápẹ́ẹ̀tì. Èmi ni mo ha ilé ìdáná títí tí ìka mi fi wú. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, àwa mẹ́rin la di Liban mú kí wọ́n tó lè gẹ irun rẹ̀, igbe tó ké lọ́jọ́ náà sì ṣì wà ní etí mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Hibo wẹ̀ ẹ́, ó wọ̀ ọ́ ní ṣẹ́ẹ̀tì funfun ti ọdún Ìtúnu, wọ́n sì gbé fóònù Màmá Ambaro lé e lọ́wọ́ kó máa wo fídíò lífítì tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ohun tó fẹ́ràn jù láyé nìyẹn. Ó lè wò ó fún wákàtí méjì láìṣẹ́jú.

Karin bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, bẹ́ẹ̀ ló ṣe gba ọkàn gbogbo wa. Guled tó jẹ́ ògbufọ̀ bá a wá. Ìbátan Warsame ni Guled, àgbàlagbà tó máa ń wọ kóòtù àti fìlà, ẹni iyì láàárín wa. Sambusa wà nílẹ̀, tíì olóòórùn dídùn wà nílẹ̀, ìrẹsì àti ẹran ewúrẹ́ pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nílẹ̀, láago mẹ́wàá àárọ̀.

Karin bèèrè bóyá Liban máa ń wọ aṣọ fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ó ń wọ aṣọ dáadáa, alhamudulilahi. Òótọ́ ni, aṣọ wà lára rẹ̀. Hibo ló ń wọ̀ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bèèrè Hibo. Ó bèèrè bóyá ó máa ń sùn. Wọ́n ní a dúpẹ́. Ó bèèrè bóyá ó máa ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, Màmá Ambaro gba ìbéèrè yẹn mọ́ ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìran baba ọmọ náà títí dé baba kẹjọ, láti fi hàn pé kò sí irú rẹ̀ nínú wọn. Guled túmọ̀ rẹ̀ pé rárá. Ó bèèrè bóyá ó mọ ewu. Wọ́n ní málàíkà ń ṣọ́ ọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ, Karin yíjú sí Dahabo fúnra rẹ̀, ó bi í ní ohun tó le jù nínú títọ́ ọmọ náà. Dahabo wò yíká. Ìyá ọkọ rẹ̀ rèé, ìbátan ọkọ rẹ̀ rèé, àwa obìnrin mẹ́fà rèé pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ta ló máa dúró níwájú àlejò kó máa ráhùn sí iṣẹ́ Ọlọ́run? Ó ní kò sí ohun tó le. Ó ní Ọlọ́run ló fún àwọn, Òun náà ló ń bá àwọn gbé e. Gbogbo wa ṣe àmín. Karin kọ ọ́ sílẹ̀. Ó gbé sambusa mẹ́wàá lọ nínú ọ̀rá, inú rẹ̀ dùn, inú tiwa náà dùn.

Lẹ́tà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Hibo ló kà á. Wọ́n ní àwọn yọ̀ sí bí Liban ṣe ń ṣe dáadáa, pé ọmọ náà ti dé ibi tí kò ti nílò olùkọ́ mọ́, àti pé ní ìparí oṣù tó ń bọ̀, Britta kò ní wá mọ́. Ká ní ẹ rí Màmá Ambaro lọ́jọ́ náà. Ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i pé ọmọ ọmọ òun ti gbádùn. Ó pín dàbínù àti àlùwà láti ojúlé dé ojúlé. Ó tẹ ilé láago, kó tó di ọ̀sán, gbogbo ìbátan wọn ní Galkayo, ní Sòmálíà lọ́hùn-ún, ti gbọ́.

Dahabo ní kí Hibo tún un kà. Nígbà tó kà á tán, ó wọ ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣan ìrẹsì. Ó ṣan án lẹ́ẹ̀kan, ó ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó fi ìrẹsì sílẹ̀ nínú omi, ó fa ìbòrí rẹ̀, ó jáde.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ilé tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé gogoro wa, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ sọ ọ́ síta. Ilé tí wọ́n fi pákó kan fèrèsé rẹ̀ ni, tàbí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ìkọ́ lókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé ò lè tó. Dahabo kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé márùn-ún ló wọ̀ lọ́jọ́ náà. Mẹ́ta nínú wọn ti gba irú lẹ́tà kan náà. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá yẹn ni Ubah, tó ń gbé lórí àjà kẹsàn-án, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń jẹ́ Sagal. Ubah ní àwọn lọ yá kápẹ́ẹ̀tì nílé ọlọ́lá kan nítorí àlejò ọ́fíìsì, àti pé kápẹ́ẹ̀tì náà wuyì débi pé òyìnbó náà yà á ní fọ́tò.

Dahabo rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tí Ubah sọ fún gbogbo ènìyàn nígbà tó yá: "Àwa la kọ lẹ́tà yìí, Ubah. Wọ́n kàn bá wa tẹ̀ ẹ́ ni."

Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún un láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ó pè é ní ọjọ́ kejì. Hibo bá a kọ ìwé náà, Dahabo sì ra ìwé àjákọ kan, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ohun tí Liban bá ṣe, kí Hibo máa kọ ọ́, kó má yọ ọ̀kankan sílẹ̀. Màmá Ambaro rí ìwé náà, ó bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, Dahabo sì sọ fún un. Inú ìyá bàjẹ́. Kò pariwo. Ó ní láyé tòun, bí ràkúnmí bá tilẹ̀ yarọ, wọn kì í sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á.

"Màmá," Dahabo dá a lóhùn, "mi ò tà á."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé etí Warsame nìyẹn. Ó pè láti ojú títì, Dahabo gbé fóònù sórí tábìlì nítorí pé ó ń po ìyẹ̀fun, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ ohun tí kò kàn mí.

"Ìyá Hibo, ìwé ìjọba kì í kú. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ mi ń fi ìgbẹ́ kun ògiri ni?"

"Ṣé kì í fi kun ún ni?"

"Mi ò sọ pé kì í fi kun ún. Mo ní kí wọ́n má kọ ọ́."

"Bàbá Hibo, Nebraska lo wà. Ẹni tó ń fọ ògiri ló ń sọ̀rọ̀ yìí."

Warsame wá mú ọ̀rọ̀ Hibo wá. Ó ní ọmọbìnrin ò ní pẹ́ di ẹni tí wọ́n ń wá tọrọ, àwọn èèyàn á sì bèèrè irú ilé tó ti wá. Hibo tó ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀ ní igun yàrá kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ẹni tó bá máa sá nítorí Liban, kó tètè bẹ̀rẹ̀ sí í sá báyìí, kó má baà rẹ̀ ẹ́." Bàbá rẹ̀ ní ṣé ohùn Hibo lòun ń gbọ́ yẹn. Dahabo ní rárá, rédíò ni.

Ohun tó dá Dahabo dúró díẹ̀ kì í ṣe ọkọ, kì í ṣe ìyá ọkọ. Ọlọ́run ni. Ẹ̀rù ń bà á kó má lọ jẹ́ pé ó fẹ́ lọ fi Ọlọ́run sùn lọ́dọ̀ adájọ́ kèfèrí. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá lémọ́mù wa lẹ́yìn ìrun Alaasari. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni lémọ́mù yẹn, onísùúrù. Ó bi í bóyá aláìsàn tó fi ibi tó ń dùn ún han dókítà ti fi Ọlọ́run sùn. Dahabo ní rárá. Ó ní kó máa lọ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n Dahabo kò lọ. Ó ní gbogbo wa la ti kọ́ pé ẹni tó bá bo àṣírí ọmọnìkejì rẹ̀, Ọlọ́run á bo tirẹ̀. Ẹni tó bá wá tú àṣírí ara rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Lémọ́mù ní òun á lọ wò ó nínú ìwé. Dahabo ní Àlàmísì ni ìgbẹ́jọ́, kó jọ̀wọ́ kó yára wò ó. Títí di òní, ó ṣì ń wò ó.

Ní Àlàmísì náà, Dahabo ní kí n bá òun lọ, kí ẹnìkan lè wà níbẹ̀ tó máa di òun mú bí ẹsẹ̀ òun bá fẹ́ sá. Yàrá kékeré kan ni, kò jọ kóòtù: tábìlì gígùn kan, ife omi, páálí ìnujú kan. Adájọ́ jẹ́ obìnrin tí irun rẹ̀ ti funfun, tó so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Karin jókòó lódìkejì. Guled ló tún wá túmọ̀, pẹ̀lú kóòtù àti fìlà rẹ̀. Wọ́n mú kí gbogbo wọn búra.

Karin ka ohun tó kọ. Kò fi kún un, kò yọ kúrò nínú rẹ̀. Ọmọ náà mọ́ tónítóní. Ó jókòó jẹ́ẹ́ fún wákàtí kan ààbọ̀. Ìyá rẹ̀ ní kò sí ohun tó le. Bó ṣe ń kà á, ojú ń tì mí, nítorí pé obìnrin náà kò purọ́. Àwa la purọ́ fún un.

Ó kan Dahabo. Ó ṣí ìwé àjákọ náà síwájú rẹ̀ bí kò tilẹ̀ lè ka ohun tí Hibo kọ síbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti ìgbẹ́ tí Liban ń fi kun ògiri àti ibùsùn, ó sọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ àti iye ìgbà. Ó sọ bó ṣe máa ń fi eyín ya ọwọ́ ara rẹ̀ àti ọwọ́ ìyá rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde, tí ojú kan náà kò tíì jinná tó tún ti ya á. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Guled nu ẹnu, ó sọ gbólóhùn kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, pé ọmọ náà ní ìṣòro díẹ̀ nípa ìmọ́tótó, àti pé inú máa ń bí i nígbà mìíràn.

Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Kò gba ju ìlà kan lọ.

Mo rí i tí Dahabo wo ìlà kan yẹn. Ó na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

"Ẹ̀gbọ́n," ó sọ fún Guled, "ẹ ò sọ ọ́."

"Mo sọ ọ́."

"Ẹ ò sọ ìgbẹ́. Ẹ ò sọ ẹ̀jẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n lédè wọn. Níbi iṣẹ́ mi, wọ́n kọ wọ́n sára àpò aṣọ."

Guled rẹ ohùn sílẹ̀. Inú kò bí i. Ohùn ẹni tó ń ṣàánú èèyàn ló fi ń sọ̀rọ̀. "Ìyàwó wa, àjèjì ni àwọn wọ̀nyí. Àṣírí yín ni mò ń bò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Warsame. Ohun tí mo bá sọ sí ilé yín níbí, ara mi ni mo sọ ọ́ sí."

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á bo tiyín náà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí mi sílẹ̀ lónìí. Aṣọ tí ẹ fi ń bò mí yìí, ó ti bo ọmọ mi nímú."

Adájọ́ bèèrè ohun tí àwọn méjèèjì ń sọ. Dahabo bá yíjú sí adájọ́ fúnra rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ibi ìfọṣọ, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni ń ya aṣọ sọ́tọ̀. Ọmọ mi. Ìgbẹ́. Ògiri. Ojoojúmọ́. Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè dé ìgbọ̀nwọ́, ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí ọkùnrin àjèjì rí láti ìgbà tó ti bàlágà, ó gbé apá sórí tábìlì. Eyín. Ẹ̀jẹ̀. Ó fi ìka tọ́ka sí àpá tuntun, ó tọ́ka sí àpá àtijọ́. Guled yí ojú sí ògiri.

Lẹ́yìn náà, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tán. Odò ló kù, ilẹ̀kùn ló kù, kò sì sí àpò tí wọ́n kọ odò sí lára níbi ìfọṣọ. Ó fa ọwọ́ aṣọ rẹ̀ bọ̀ sísàlẹ̀. Ó yíjú padà sí Guled.

"Èyí tó ṣẹ́kù ju Gẹ̀ẹ́sì mi lọ. Ẹ̀yin lẹ máa bá mi sọ ọ́. Bí mo bá ṣe sọ ọ́, kí ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Adájọ́ náà, tí kò gbọ́ ohun tó sọ ṣùgbọ́n tó gbọ́ ìdí rẹ̀, bá Guled sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó rán an létí ìbúra tó ṣe. Guled ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí orúnkún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí orí rẹ̀. Ó ní kí Dahabo máa sọ ọ́.

Ẹ mọ̀ pé ògbufọ̀ kì í sọ pé "ó ní". Òfin wọn ni pé kó sọ ọ́ bí ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àgbàlagbà ọkùnrin yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn rẹ̀ tó rinlẹ̀ sọ pé: Mo ti wá ọmọ mi lẹ́bàá odò. Mi ò lè wẹ̀ láì jẹ́ pé ẹnìkan jókòó ti ilẹ̀kùn. Ní ilé, wọ́n fẹ́ gba ọmọ mi kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀, mo kọ̀, mo bá wọn jà. Ní báyìí, kí n tó sùn, mo máa ń fi ìbòrí mi so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọwọ́ mi, kí n lè mọ̀ bó bá dìde. Èmi náà ti ń so ó. Olùkọ́ yẹn ló ń kọ́ ọ láti má jáde. Bí wọ́n bá mú un lọ, okùn ló kù fún mi.

Ohùn Guled kò gbọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi ìbòrí, ó dúró, ó mu omi, ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà, kó má baà sí èyí tó bọ́.

Adájọ́ bi Karin ní ohun tí ì bá kọ bó bá ti gbọ́ èyí ní Àtàláátà ọjọ́ náà. Karin ní òun ì bá béèrè pé kí wọ́n fi kún wákàtí náà ni. Ó wo Dahabo, ó ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ fún òun. Guled túmọ̀ ìbéèrè náà. Dahabo rò ó díẹ̀.

"Ẹ sọ fún un pé àlejò ni."

Guled fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa délé. Lójú ọ̀nà, Dahabo bèèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀, ó sì ní a dúpẹ́. Kí ìrun Jímọ̀ ọjọ́ kejì tó tán, gbogbo ilé gogoro ti gbọ́. Mi ò mọ ẹni tó sọ ọ́. Kì í ṣe Guled, èmi náà kọ́, ẹ jọ̀wọ́. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de lífítì mìíràn tí wọ́n bá rí Dahabo nínú èyí tó dé. Obìnrin kan bi í léèrè lójúkojú bóyá ó ti wá ń fi ọmọ gba owó ìjọba. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí obìnrin náà wá bá òun gbé ọmọ ní Àìkú kan, kí àwọn jọ pín in. Ní ti Màmá Ambaro, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, àyàfi pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀. Warsame wálé. Ó bá ìwé àjákọ náà lórí tábìlì, ó jókòó, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó jáde lọ ra ìkọ́ irin tuntun, ó sì kàn án mọ́ òkè ilẹ̀kùn.

Lẹ́tà kejì dé ní ọjọ́ kejìlélógún lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́. Wọ́n dá gbogbo wákàtí Liban padà, wọ́n fi márùn-ún kún un. Hibo kà á lẹ́ẹ̀mejì láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un. Màmá Ambaro kò pín dàbínù lọ́tẹ̀ yìí. Ó bèèrè bóyá ọmọbìnrin onírin imú yẹn ni wọ́n máa dá padà, tàbí ẹlòmíràn. Wọ́n ní òun náà ni. Ó ní ó dáa, Liban ti mọ̀ ọ́n lójú.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà kò mẹ́nu ba Sagal ọmọ Ubah, tàbí àwọn ọmọ méjì yòókù. Olúkúlùkù ló máa ro ẹjọ́ tirẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Dahabo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àjà kẹsàn-án, ó ní ká jọ lọ. Ubah gbé tíì wá, ó gbé bisikíìtì wá, ó bi wá léèrè àlàáfíà gbogbo ẹni tó wà nílé wa àti nílé bàbá wa. Sagal wà nínú yàrá, a ń gbọ́ ọ tó ń fi nǹkan lu ilẹ̀, lu ilẹ̀, lu ilẹ̀. Ìgbẹ́jọ́ ìyá rẹ̀ ku ọjọ́ márùn-ún.

"Fi mí ṣe adájọ́," Dahabo sọ fún un. "Báwo ni ọmọ?"

"Alhamudulilahi, ara rẹ̀ le."

"Ọlọ́run ti gbọ́ ìyẹn. Adájọ́ ló kù tí kò tíì gbọ́ nǹkan kan."

Ubah rẹ́rìn-ín. Ó wò mí. Ó wo ilẹ̀kùn àbáwọlé, níbi tí ẹsẹ̀ àwọn aládùúgbò ti ń kọjá lọ kọjá bọ̀. Ó tún ife tíì tò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti tò dáadáa tẹ́lẹ̀. Dahabo kò bá a kánjú. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀, ó mu ún, ó gbé ife kalẹ̀, ó ṣí ìwé àjákọ tuntun sójú ewé àkọ́kọ́ tó mọ́ lóló.

"Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Ubah bèèrè.

"Láti àárọ̀ yìí."

Ubah dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó padà wá jókòó. Ó ní ó dáa. Ó ní láago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun kò tíì kírun Súbúhì tán nígbà tí òun gbọ́ dígí tó fọ́.